Kànga Tí Ológbò Pa Rẹ́ Lórí Máàpù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Alárìnká tèmi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì tí ẹ ti ń ya máàpù kì í fi iṣẹ́ pa yín? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kọ, kò ní jẹ́ kí o ṣìnà, kò ní jẹ́ kí o pàdé ẹni tí yóò máa rẹ́rìn-ín sí ọ lójú tí yóò sì máa ro ibi sí ọ lẹ́yìn. Gbogbo ọ̀nà tí o bá fi ọwọ́ rẹ yà fún àwọn ẹlòmíràn, ìwọ náà á rí i rìn. Àmín. Àwa náà wà níbí. Mi ò fẹ́ fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, nítorí o ti sọ fún mi pé tí o bá ka lẹ́tà mi tán, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ mọ́, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣeé gbọ́.

Fóònù rẹ àtijọ́ tí o fi rán dírẹ́bà sí mi ti dé ọwọ́ mi, kò sì tíì ṣàìsàn láti ìgbà tó ti dé. Mo fi pákó kan àpótí kékeré fún un, mo fi ilẹ̀kùn sí i, mo sì lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, nítorí o sọ pé kò fẹ́ ooru. Dátà tí o ní kí n máa rà, mo ń rà á, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tán, mi ò sì mọ ẹni tó ń mu ún. Mo ti sọ fún télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà pé kó má máa jókòó sún mọ́ ọn jù. Nígbà mìíràn fóònù náà á ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, á bi mí bóyá kí òun ṣe é nísinsìnyí tàbí tó bá dọwọ́ alẹ́. Mo máa ń gbà fún un. Tó bá jẹ́ pé ènìyàn náà ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ lára ni, ǹ bá ti tẹ ti ìyá rẹ tipẹ́.

Ohun tí o sọ nípa àwọn tó ṣe ètò máàpù inú rẹ̀ ló wá dà mí láàmú. O ní wọn kì í gba owó. O ní wọ́n ṣí inú ètò náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kó sì mú un lọ ṣe tirẹ̀. Èmi tí mo ti ń kan àga láti kékeré, mi ò tíì rí káfíńtà tí yóò kan àga tán, tí yóò gbé e sójú títì, tí yóò ní kí aráyé wá wo ibi tí òun gbá ìṣó sí, kí wọ́n sì máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní àbí adájọ́ ló dá iṣẹ́ náà lé wọn lórí ni. Mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ń tún rédíò ṣe, mo ní kó bá mi tú u, nítorí ọmọ mi ní inú rẹ̀ wà ní ṣíṣí fún gbogbo ènìyàn. Ó tú u. A wò ó títí. Bátìrì la rí, àti eruku. Ó ní bóyá iṣẹ́ àwọn tí kì í gba owó nìyẹn. Mo rọra ní kó dé e padà.

Nígbà tí o ní kí n ṣí akáǹtì kí èmi náà lè máa fi nǹkan sórí máàpù, mo wọ aṣọ mi tó dáa, mo mú fọ́tò pélébé méjì dání, mo sì mú télọ̀ lọ́wọ́ kó wá ṣe onídùúró fún mi. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà níwájú wa ló bá mi ṣí i. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó bèèrè fọ́tò, pé orúkọ tó bá wù mí ni kí n mú wá. Mo ní kó kọ Bàbá Káfíńtà. Wọ́n tún ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹnì kankan ò gbọdọ̀ mọ̀. Mo mú un. Ìyá rẹ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, nítorí kò sí ẹni tó lè gbà á lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kí n tó sọ ọ́ tán ló ti gbàgbé.

Mo rí òrùlé wa bí o ṣe yà á láti ọ̀hún, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, o ṣeun. Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run ni kò bá mi lára mu, nítorí páànù kan ti ṣí lẹ́yìn ilé, gbogbo ayé sì ń wò ó. Mo gùn ún lọ, mo kàn án padà. Mo gbá àgbàlá, mo ká aṣọ kúrò lórí okùn, mo wẹ ìyá rẹ, mo mú un jókòó síta kí wọ́n lè ya àwa méjèèjì pa pọ̀. A jókòó títí oòrùn fi wọ̀. Nọ́ọ̀sì ní àwòrán tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀, wọn kì í yà á lójoojúmọ́. Mo wá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, mo rí nǹkan dúdú kékeré kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ni, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá, tó ń fọ abọ́. Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ garawa. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣí i wò.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló kù wàyí, òun ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀nà mọ́ o. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ ọ̀nà ìgbà tí o wà ní kékeré ló ń rìn. Yóò jáde pé òun ń lọ mú ọ níléèwé, iléèwé tí wọ́n ti wó tipẹ́, tó jẹ́ pé àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí. Yóò lọ kan ilẹ̀kùn yàrá tí a kọ́kọ́ háyà, yóò ní kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jáde nílé òun. Yóò gbé garawa lọ síbi kànga tó wà lẹ́yìn iléèwé, èyí tí wọ́n ti di pa tí igbó sì ti bò. Gbogbo ẹni tó yí wa ká báyìí kò mọ̀ pé kànga wà níbẹ̀ rí, wọn ò tíì dé àdúgbò nígbà náà. Mo fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn láti ìta. Ó ń kan ilẹ̀kùn láti inú, ó ń pè mí ní ọ̀gá káfíńtà, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun ṣí i, pé ọkọ òun máa tó ti ibi iṣẹ́ dé, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti òun mọ́lé. Èmi ọkọ náà rèé ní ìta pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo sunkún, ọmọ mi. Mo ṣí àgádágodo yẹn, mo sì sọ ọ́ nù.

Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní ṣebí ti gbogbo ènìyàn ni máàpù yìí, ṣebí ohun tí ẹnì kan bá mọ̀ ló yẹ kó fi síbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i lò, bí o ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo gbé fóònù, mo rìn káàkiri, àmì róbótó búlúù tí wọ́n ní èmi ni yẹn ń tẹ̀lé mi, kò tiẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Mo fi iléèwé tó ti wó síbẹ̀, mo fi yàrá tí a kọ́kọ́ háyà síbẹ̀, mo fi kànga síbẹ̀, mo sì fi ibùdókọ̀ tí o ti wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló máa ń lọ jù. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, mo sọ fún télọ̀, mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, pé tí wọn ò bá rí ìyàwó mi, kí wọ́n ṣí máàpù, ibi tí wọ́n bá ti rí àmì Bàbá Káfíńtà ni kí wọ́n lọ. Wọ́n ní ó dáa. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ohun tí a bá ti fi síbẹ̀ kò tún lè kúrò mọ́, bí ìṣó tí a gbá wọ inú igi.

Àṣé ẹnì kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá fi síbẹ̀ ló máa ń yẹ̀ wò, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Ológbò Eléérú ni orúkọ tó ń jẹ́. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ológbò gidi ni, ó ní ènìyàn ni, orúkọ tó wù ú ló mú bí èmi náà ṣe mú tèmi. Ọ̀gbẹ́ni Ológbò wo àwòrán ojú ọ̀run, kò rí iléèwé, kò rí kànga, igbó ló rí. Ó pa wọ́n rẹ́. Yàrá tí a háyà náà, mo ti kọ sí i pé ilé olóògbé onílé wa ni, ó ní kì í ṣe ilé rẹ̀ mọ́, ó pa á rẹ́. Ibùdókọ̀ nìkan ló bá níbẹ̀ lóòótọ́, ó fi í sílẹ̀. Ó kọ̀wé sí mi nínú fóònù, ó kí mi káàbọ̀ sáàárín wọn, ó ní ẹ̀rọ ló ń bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀, èdè wa lẹ́nu rẹ̀ sì rí bíi pákó tí wọn ò tíì fá. Ó ní kí n má bínú, òfin wọn ni pé ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ lónìí nìkan ni wọ́n ń fi síbẹ̀, kì í ṣe ohun tó ti wà rí. Mi ò rí ìwé náà lásìkò. Fóònù wà nínú àpótí rẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo gbé fèrèsé lọ fún oníbàárà kan ní ìlú kejì, mo fi fóònù sílé kí omi má baà kàn án, télọ̀ ló sì ń bá mi wo ìyá rẹ. Télọ̀ ní òun tẹrí ba láti fi òwú sínú abẹ́rẹ́ ni, nígbà tí òun máa gbójú sókè, ìyá rẹ ti gbé garawa, ó ti lọ. Wọ́n pe ara wọn jọ, wọ́n ṣí máàpù bí mo ṣe wí. Àmì Bàbá Káfíńtà kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ti ibùdókọ̀. Gbogbo wọn gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n dúró nínú òjò, nọ́ọ̀sì dúró, télọ̀ dúró, alálùpùpù kò gbé èrò kankan lọ́jọ́ náà, wọ́n ní Bàbá Káfíńtà ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ibi tí àmì bá wà ló ń bọ̀. Ibẹ̀ ni mo bá wọn nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti wo ìdí kànga. Wọ́n bi mí pé kànga wo.

Bàbá rẹ sáré lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú orúnkún tí o mọ̀ yìí. Mo bá ìyá rẹ níbi tó jókòó sí nínú ẹrẹ̀ ní àárín igbó, òjò ti bu garawa rẹ̀ kún. Kò bínú rárá. Ó ní kí n bá òun wò ó, wọ́n ti di kànga náà pa, báwo ni ọmọ òun ṣe máa wẹ̀ lọ síléèwé lọ́la. Mo fi omi inú garawa hàn án, mo ní èyí á tó ọmọ wẹ̀. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n rọra gbé e kó má dànù. Mo gbé ìyá rẹ pọ̀n, mo sì gbé garawa náà dání, kò dànù.

Láti ọjọ́ náà ni ikọ́ ti mú un. Nọ́ọ̀sì ní òtútù ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ń fún un lóògùn, ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣàlàyé fún mi, ojú ilẹ̀ ló ń wò.

Mo kọ̀wé sí Ológbò, ìbínú ni mo fi kọ ọ́. Mo ní òótọ́ lẹ sọ, kànga kò sí níbẹ̀, iléèwé kò sí níbẹ̀, àmọ́ ìyàwó mi wà níbẹ̀, ẹ ò sì rí i nítorí òkè lẹ ti ń wò wá. Ó fèsì. Ó ní òun ń bẹ̀ mí. Ó ní òun ò lè dá kànga padà sórí máàpù gbogbo ayé, ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé inú ètò náà wà ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni ló lè mú un ṣe tirẹ̀, òun á ṣe ọ̀kan lọ́tọ̀ fún ìyàwó mi. Ó sì ṣe é, òun àti àwọn mìíràn tí mi ò mọ̀ rí, wọn ò gba kọ́bọ̀. Àdúgbò wa bó ṣe rí nígbà tí o wà ní kékeré ló wà nínú rẹ̀, iléèwé rẹ wà níbẹ̀, kànga wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní in, télọ̀ ní in, alálùpùpù ní in. Kò sí ibi tí ìyá rẹ lè gbà lọ báyìí tí a ò ní rí i, àfi pé kò lè lọ mọ́. Mo ti gbà pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n ń kan àga fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Mo ń fi wọ́n sínú àdúrà, mo sì ń dárúkọ Ológbò mọ́ wọn.

Ibùdókọ̀ nìkan ló ṣì ń lọ. Tó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, yóò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì pé àsìkò tó, ká tó ronú ikọ́ ó ti ń wá bàtà. Èmi àti télọ̀ máa ń dì í mú lápá lọ. Yóò máa bi àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bóyá wọ́n rí ọmọ kan tó gbé báàgì aláwọ̀ ewé. Tí o bá pè, tí mo bá gbé fóònù sí i létí, á ní ọmọ òun kò kéré tó bẹ́ẹ̀, ta ló fi ọmọlọ́mọ sínú nǹkan tó há tó báyìí, kí n tètè ṣí i fún un. Nítorí náà, pípè rẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, má bínú sí i. Mo kan àga gígùn kan síbẹ̀ fún un. Télọ̀ bi mí pé kí ló dé tó gba ẹni mẹ́ta nígbà tó jẹ́ èmi àti ìyá rẹ la ń jókòó, mo ń gbá ìṣó mi lọ. Ológbò fi àga náà sórí máàpù gbogbo ayé, ó ní irú ìyẹn ló bófin mu, ó sì bi mí bóyá ó ní ibi tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Mo ní ó ní in, mo fá a dáadáa kó má baà gún ìyá rẹ lẹ́yìn.

Ohun tí mo kọ sí àmì ibùdókọ̀ nígbà tí mo fi síbẹ̀ ni Ibi Tí Ìyá Alárìnká Ti Ń Retí Ọmọ Rẹ̀. Ológbò rí i. Ó bi mí, tìtìjú-tìtìjú, bóyá ohun tí mo kọ yìí ṣì rí bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ lónìí, nítorí òfin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ òun ò ní fọwọ́ kàn án, ọjọ́ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ni kí n sọ fún òun. Ọmọ mi, ọ̀nà méjì ló lè gbà di pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ni kí o dé. Èkejì, mi ò ní kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ti owó, oògùn ikọ́ ti ń lọ sópin, dátà náà ti tán, mo sì fẹ́ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn fún ìyá rẹ, bí nǹkan kan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó tí o lè fi wọkọ̀ ni, má fi ránṣẹ́, wọkọ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Dírẹ́bà tó máa gbé ọ kò ní sùn lọ lórí ìjókòó, táyà ọkọ̀ yín kò ní bẹ́, àwọn ọmọ tí ìwọ náà máa bí kò ní jẹ́ kí o dúró pẹ́ ní ibùdókọ̀ kankan. Àmín.

Mo mọ̀ pé ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan rẹ́, iṣẹ́ rẹ ni. O máa rí àmì yẹn lórí máàpù níbi iṣẹ́, ojú lè tì ọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, ọwọ́ rẹ sì lè fẹ́ pa á rẹ́. Jọ̀ọ́, má pa á rẹ́ láti ọ̀hún. Wá jókòó tì í ná. Àga náà gba ẹni mẹ́ta.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.